Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Àmì Ná

Grimsby, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Kejì, 2025

Bàbá mi,

Àsàláámù àlékúmù. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ṣé ara yín le? Ṣé ara Ìyá mi le? Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, kí ẹ sì bá mi kí àwọn tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé wa láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ẹ ń ra mínírà fún bí ẹni pé àwọn ló bí yín. Ara tèmi náà le. Òtútù ni kò tíì fẹ́ fi wá sílẹ̀.

Ọlálérè ará Àjàó Estate, ẹni tó máa ń wá ra ẹ̀yà ọkọ̀ níbí, ń padà bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ yìí. Mo ti fi àpò kan rán an sí yín. Ọṣẹ wà nínú rẹ̀. Àwọn tó máa ń kù tín-ín-rín lẹ́yìn ìwẹ̀ ni mo kó jọ, tí mo rẹ sínú omi gbígbóná, tí mo sì rún pọ̀ di ọṣẹ ńlá kan. Ó ń hó dáadáa. Ìpara Ìyá mi náà wà níbẹ̀. Mo ti lo díẹ̀ nínú rẹ̀, mo wá fi ọ̀bẹ la ike rẹ̀ kí èyí tó lẹ̀ mọ́ inú má bàa ṣòfò, ìdí nìyẹn tí mo fi wé e sínú ọ̀rá. Ẹ máa rí ìbọ̀sẹ̀ tiyín náà, mo ti fi abẹ́rẹ́ dí gbogbo ojú ihò rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é.

Ẹ má rò pé ìyà ló ń jẹ mí. Ìṣe mi ni. Ẹja ni à ń dì sínú páálí níbi iṣẹ́ wa. Tí a bá jáde nírọ̀lẹ́, mo máa ń lọ dúró ní ilé ìtajà títí wọn yóò fi lẹ bébà yẹ́lò mọ́ búrẹ́dì àti ẹran tó fẹ́ bàjẹ́, ìgbà náà ni mo tó ń rà á, nítorí pé ó ti di ọ̀pọ̀. Kóòtù ni mo ń wọ̀ jókòó nínú ilé, n kì í tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Omi tí mo bá fi fọ aṣọ ni mo fi ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọwọ́ Ìyá mi ni mo ti kọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Maṣíìnì ìránṣọ mi tó wà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, kí Ìyá mi bá mi máa ta epo sí i, kí wọ́n má sì ṣí ọ̀rá tí mo fi bò ó kúrò lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ibí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbójú lé. Bí nǹkan bá yí padà, maṣíìnì yẹn ni mo máa padà wá fi jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Èmi ni ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ ń fà sílé,
Nafeesah


Ìsọlọ̀, Èkó
Ọjọ́ kejì, Oṣù Kẹta, 2025

Nafeesah ọmọ mi,

Wà àlékúmù sàláámù. A kí ọ kú ààwẹ̀. Mo mọ̀ pé àsìkò yìí á dùn mọ́ ọ nínú ju gbogbo àsìkò lọ, nítorí pé kò sí oúnjẹ ọ̀sán nínú rẹ̀. Ara mi le. Ara ìyá rẹ náà le.

Ọlálérè gbé àpò rẹ dé. Ojú àwọn ènìyàn ni mo ti ṣí i, àìgbọ́n mi nìyẹn. Bàbá Teslim wà níbẹ̀, àwọn tó kù na ọrùn lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn fẹ́ rí ohun tó ti òkè òkun dé. Ọṣẹ ló kọ́kọ́ jáde. Nafeesah, mo ti rí ọṣẹ rí láyé mi. Tìrẹ funfun níbí, ó pupa lọ́hùn-ún, irun ẹnìkan sì wà láàárín rẹ̀. Bàbá Teslim bi mí bóyá oúnjẹ òyìnbó ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi eyín kàn án.

Ìyá rẹ ní tirẹ̀ gbé ọṣẹ náà mọ́ àyà, ó ní ọmọ òun gbọ́n. Kí ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀ sí? Obìnrin tó máa ń tọ́jú igi ìṣáná tó ti jó, kí ó lè fi kó iná láti ojú gáàsì kan sí èkejì. Obìnrin tó ń fọ ọ̀rá tí wọ́n fi di ẹ̀wà, tó ń sá a sórí okùn láàárín aṣọ mi, tó sì ń ká a sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá dùbúlẹ̀, ṣe ni gbogbo rẹ̀ ń pariwo lábẹ́ mi. Àgbá ọ̀dà tí mo ti kùn tán, tí mo ti jù nù, ó ń kó wọn padà wọlé, ó ní ọ̀dà ṣì wà ní ìdí wọn. Mo fẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ tó ní ìwà, n kò mọ̀ pé èmi àti ààtàn ni a jọ máa gbélé.

Ṣùgbọ́n èyí tó bí mi nínú jù ni lẹ́tà rẹ fúnra rẹ̀. Kò sí àmì ohùn kan lórí rẹ̀, kò sí àmì ìsàlẹ̀. Odindi ojú ìwé, ó gbẹ bí orí apárí. Bírò pupa ni mo mú tí mo fi jókòó tì í, tí mo fi àmì sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí o wà ní ilé ìwé. O kọ “Ise mi ni.” Ise wo? Ó lè jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe. Ó lè jẹ́ ìṣe, tí í ṣe ìwà. Ó sì lè jẹ́ ìṣẹ́, èyí tó ń lé ènìyàn lọ dúró de búrẹ́dì tó fẹ́ bàjẹ́. Mo fi àmì ìwà sí i kí n lè bo àṣírí rẹ.

Èmi Mùktárù tí mo kun pátákó láti Òṣòdì títí dé Òkè-Àfá, tí àwọn oníbàárà máa ń bẹ̀ pé kí n yọ àmì kúrò kí iye tí wọn yóò san lè wálẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n gbé pátákó wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àmì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Kò ní ìwọ̀n, kì í bàjẹ́, wọn kì í lẹ bébà yẹ́lò mọ́ ọn. Kí ló dé tí o ń ṣọ́ ọ ná?

Maṣíìnì rẹ wà níbẹ̀. Ó gba ibi tí mo lè gbé àga tí àlejò máa jókòó sí. Ìtìjú ló jẹ́ fún mi pé ẹni tó ti dé ìlú òyìnbó ṣì ń ronú maṣíìnì tí wọ́n fi ọ̀rá bò ní Ìsọlọ̀. Ìbọ̀sẹ̀ náà, mo ti fi nu búrọ́ọ̀ṣì.

Bàbá rẹ,
Mùktárù


Grimsby
Ọjọ́ kẹtàlélógún, Oṣù Kẹta, 2025

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Ìyá mi. Mo ti fi àmì sí lẹ́tà yìí fúnra mi, nítorí náà ẹ lè gbé bírò pupa sílẹ̀ kí ọwọ́ yín sinmi. Ó gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ mi. Inú mi ò dùn sí i, ṣùgbọ́n mo ṣe é.

Ẹ má bínú o, Bàbá, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Láti ìgbà tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ti ń tẹ bánà, ta ló tún pè yín wá kun pátákó? Búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ mi nù yẹn, kí lẹ fi í kùn tó fi dọ̀tí? Ọ̀rá tó ń pariwo lábẹ́ yín ló ń sanwó iná. Ìṣáná tó ti jó ló ń ra mínírà fún Bàbá Teslim. Ohun tí èmi ń fi ránṣẹ́ láti ìdí búrẹ́dì yẹ́lò, ẹ̀yin lẹ ń pín in lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni pé igi kan ń so ó lẹ́yìn ilé. Mo ṣì rántí ọdún tí ẹ ra àgbò tó ga jù ní àdúgbò wa, tí àwọn ènìyàn ń wá bá a ya fọ́tò. Gaàrí ni a mu títí oṣù fi parí, Ìyá mi ló sì ń wọn ọ́n fún wa.

Ẹ ní ẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ààtàn. Ààtàn yẹn ló bo orùlé yín.

Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ má baà ní ọmọ yín ti rí ìlú òyìnbó, ó ti gbàgbé ilé. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níbi iṣẹ́ wa. Ọ̀gá ò kí wa mọ́ láàárọ̀. Bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ tí n kò lè dúró de Ọlálérè, màá tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù Ìyá mi. Fóònù tèmi kò mọ àmì, ẹ má tìtorí ìyẹn bínú.

Maṣíìnì mi, ẹ jọ̀ọ́. Àlejò lè jókòó sórí àpótí.

Nafeesah


Ìsọlọ̀
Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Karùn-ún, 2025

Nafeesah, ọmọ Àlhájì Mùktárù, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń fi yangàn,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ọ̀rọ̀ tí o tẹ̀ sórí fóònù ìyá rẹ ti dé, ó sì ti yí ilé yìí padà. Gbogbo ohun tí o sọ sí mi nínú lẹ́tà tó kọjá, mo ti fà á ya. Ẹni tó ní lọ́wọ́ lè sọ̀rọ̀ sí bàbá rẹ̀ díẹ̀.

Bí o ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyí, mo dà á kọ sórí bébà: “Ise ti tan nibi. E ma so fun gbogbo eniyan.” Ìwọ àti àmì. Mo mú bírò pupa mi. Ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi, ó na ọrùn, ó ní, “Bàbá Nafeesah, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ ló ní ó tán?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ló ń tán nílẹ̀ òyìnbó, níbi tí wọ́n ti ń fi bàálù kó ènìyàn wá ṣiṣẹ́? Àti pé ta ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò tán tí yóò tún ní kí wọ́n máa kéde rẹ̀? Mo fi àmì sí i bó ti yẹ: Ìṣẹ́ ti tán níbí. Ẹ máa sọ fún gbogbo ènìyàn.

Mo sì sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì, mo gbé e dé mọ́ṣáláṣí, ìmáàmù ṣàdúà lé e lórí, àwọn ènìyàn ṣe àmín. Àwọn tó ń tẹ bánà ní òdìkejì títì wá kí mi. Ọmọkùnrin wọn kan tí wọ́n ń pè ní Diamond dọ̀bálẹ̀, ẹni tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo kọjú sí ilé mi. Mo fa gbogbo ọ̀rá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo kó ike áísìkiriìmù, mo kó igi ìṣáná, mo kó ọṣẹ rẹ onírun, mo sun gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Èéfín rẹ̀ dúdú. Ẹni tí ìṣẹ́ ti kúrò nílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi aṣọ ìṣẹ́ sílẹ̀ lórí okùn. Ìyá rẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wò mí, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìsinsìnyí. Ó rò pé n kò rí i nígbà tó fa àgbá ọ̀dà kan padà sábẹ́ àtẹ̀gùn. Mo fi í sílẹ̀ fún un, kó máa fi ṣeré.

Ní ti maṣíìnì, ọkàn rẹ lè balẹ̀ báyìí, kò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. O rántí Mardiyah, ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó ṣaláìsí, tó ń gbé ní Èjìgbò, tó ń fi ọwọ́ lásán rán ẹsẹ̀ aṣọ. Òun ni mo gbé e fún, lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí Ọlọ́run. Ọ̀rá tí o fi bò ó náà ni mo fi wé e. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé e lọ, gbogbo bẹ́ǹṣì pàtẹ́wọ́. Mardiyah sunkún. Ó yẹ kí o ti wà níbẹ̀ kí o rí bí wọ́n ṣe ń fúnni ní nǹkan.

Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé màlúù ni lọ́dún yìí. Tètè dá mi lóhùn. Má jẹ́ kí n tún gbọ́ pé o dúró de bébà yẹ́lò.

Bàbá rẹ tí orí rẹ̀ wú,
Mùktárù


Ìsọlọ̀
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹfà, 2025

Nafeesah,

N kò kí ọ.

Iléyá ti dé, ó ti lọ. Kò sí màlúù. Kò sí àgbò. Àwọn tí mo ṣèlérí fún gbé abọ́ wá, wọ́n sì gbé abọ́ lọ. Bàbá Teslim, ẹni tí mo ń ra mínírà fún, rán ọmọ sí wa pẹ̀lú ẹran nínú ọ̀rá dúdú. Egungun ẹsẹ̀ ni. Ìyá rẹ sè é, ó fọ ọ̀rá náà, ó sá a. Mo wò ó lórí okùn níbi tó dá nìkan wà.

Nọ́ńbà rẹ kò lọ. Obìnrin kan ló máa ń sọ òyìnbó sí mi létí. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. O ti ra fóònù tuntun, o sì ti fi wá sílẹ̀ nínú ti àtijọ́. Ojú rẹ ti ga kọjá Ìsọlọ̀. Nígbà tí o kò ní, o fi ọṣẹ onírun ránṣẹ́. Nísinsìnyí tí o ti ní, o kò fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ọṣẹ yẹn gan-an sàn jù ọ́ lọ.

Mo kà á sí ìwà tẹ́lẹ̀. Mo fi bírò ara mi kọ ọ́ pé ìṣe rẹ ni. Ahun ni. Ahun ni ọ́ látilẹ̀, ọwọ́ ìyá rẹ ni o sì ti mú un. Diamond tó dọ̀bálẹ̀ fún mi ti padà sí bó ṣe wà, ó ń mi orí sí mi láti òkèèrè. Wọ́n ń bi mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pé, “Àlhájì, ẹni tí ìṣẹ́ ẹ̀ tán yẹn, ṣé ó ti ń bọ̀?” Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń bi mí.

Bí o bá ní èsì, kọ ọ́. Bí o kò bá ní, ṣọ́ ìyẹn náà ná.

Mùktárù


Grimsby
Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Keje, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún tó kọjá. Ẹ bá mi kí Ìyá mi, ẹ sọ fún un pé mo gbọ́ ìbéèrè rẹ̀.

Àná ni mo rí lẹ́tà yín méjèèjì. Ilé tí mo ń gbé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà lórí pèpéle títí ẹnìkan fi rántí mi. Pálọ̀ Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń di ẹja, ni mo ń sùn láti Oṣù Karùn-ún. Obìnrin dáadáa ni, ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń mí kanlẹ̀ tó bá fẹ́ jókòó sórí àga rẹ̀ tí mo bá wà níbẹ̀.

Bàbá, iṣẹ́ ni. Ẹ wò ó dáadáa, mo fi àmì sí i. Iṣẹ́ ti tán níbí. Ẹ má sọ fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ ẹja náà pa, ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí sì rọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. N kò rí ẹlòmíràn tó fẹ́ gbà mí. Fóònù ni mo kọ́kọ́ gé kúrò nínú ohun tí mo ń sanwó fún. Kí n tó gé e, mo tẹ ọ̀rọ̀ kan sí yín kíákíá. Ojú ń tì mí, mo fẹ́ kí ẹ̀yin àti Ìyá mi nìkan mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Mo ka ibi tí Ìyá mi ti dúró lẹ́yìn yín tó bi yín bóyá iṣẹ́ ni. Mo kà á, mo tún un kà. Ó mọ̀ mí. Ó mọ̀ pé ọmọ òun kò lè ní kí wọ́n máa kéde pé òun lówó. Ẹ̀yin rẹ́rìn-ín, ẹ mú bírò pupa. Gbogbo àmì tí ẹ fi sórí pátákó láti Òṣòdì dé Òkè-Àfá, kò sí èyí tó kọ́ yín pé kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀. Ohun tó wù yín lẹ kùn lé mi lórí.

Ẹ tún pè mí ní ahun. Búrẹ́dì yẹ́lò tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo fi pẹ́ níbí tó báyìí. Ohun tí mo gbà kúrò lẹ́nu ara mi ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì tí mo máa fi wálé. Bí mo bá ná an bí ẹ ṣe ń ná an ni, orí àga Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ni ǹ bá kú sí. Mò ń bọ̀ ní ìparí Oṣù Kẹjọ.

Ẹ lọ gba maṣíìnì mi wá. Mi ò ní kí ẹ ra tuntun, ẹ kò ní ohun tí ẹ máa fi rà á. Mo mọ̀ pé ẹ kì í gba ohun tí ẹ bá ti fi tọrẹ padà, ẹ ti fi ìyẹn yangàn tó láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo mọ̀ bó ṣe máa rí lára yín. Ó ti rí lára mi náà. Bí mo bá dé tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, láti pápá ọkọ̀ òfurufú ni màá ti kọjá lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n Ìyá mi ní Ọ̀yọ́, ẹ ò sì ní rí mi ní Ìsọlọ̀.

Nafeesah


Ìsọlọ̀
Ọjọ́ kẹwàá, Oṣù Kẹjọ, 2025

Nafeesah ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo fà á ya, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ kó èyí tí mo fà ya, ó ní ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì funfun. Ẹ̀yìn rẹ̀ náà ni mo ń kọ ọ́ sí yìí, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, tàbí kí o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó tọ́ sí ọ.

Mo lọ sí Èjìgbò. Mo wọ agbádá, n kò mọ ìdí tí mo fi wọ̀ ọ́. Mardiyah ti sọ iwájú ilé wọn di ibi iṣẹ́. Aṣọ ilé ìwé kún ilẹ̀, àwọn ìyá ọmọ ti ń gbé e wá fún un nítorí Oṣù Kẹsàn-án. Ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n jókòó. Ó ra mínírà fún mi. Mo gbé ìgò náà lọ́wọ́, mo ń yin bí aṣọ náà ṣe gún, mo ń bi í léèrè ìyá rẹ̀, mo ń bi í léèrè bàbá rẹ̀ tó ti kú.

Ó ní, “Bàbá, ẹ sọ ọ́. Kọ́sítọ́mà mi ń bọ̀.”

Mo ní ọmọ mi ló ń padà bọ̀ wálé.

Ó ní, “Àǹtí Nafeesah? Ẹni tẹ́ ẹ ní ìṣẹ́ ẹ̀ ti tán?”

Mo ní kì í ṣe ìṣẹ́, iṣẹ́ ni. Ó wò mí. Mo tún un sọ, bí olùkọ́ tó ń pe ohùn fún ọmọ kíláàsì kìíní, mo sì gbọ́ bí ó ṣe ń dún lẹ́nu mi. Ó mọ ìyókù. Kò pariwo, ì bá sàn bó bá pariwo. Ó yọ òwú tirẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì, ó ká a, ó yọ abẹ́rẹ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀ nu maṣíìnì náà nù. Ó wọlé, ó mú ọ̀rá rẹ jáde, ó ti ká a dáadáa.

Ó ní, “Ọ̀rá yín rèé, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé ẹ kàn fi maṣíìnì pamọ́ sọ́dọ̀ mi ni. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá má gba aṣọ ọmọ ọlọ́mọ.”

N kò lè mu mínírà náà. Láyé mi, mo ti kẹ́gàn ẹni tó ń ká ọ̀rá, ẹni tó ń tọ́jú ìṣáná, ẹni tó ń rún ọṣẹ. N kò tíì rí ẹni tó kéré tó èmi lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú agbádá. Èmi tí mo fi iṣẹ́ ẹlòmíràn tọrẹ kí bẹ́ǹṣì lè pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo gbé maṣíìnì náà lé itan nínú kẹ̀kẹ́. Nígbà tí o bá dé, lọ rí Mardiyah, bá mi wá nǹkan tí ènìyàn lè sọ fún un. Èmi kò rí i.

Bẹ́ǹṣì kún nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Bàbá Teslim bi mí bóyá ìṣẹ́ ti padà dé ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó súnra kẹ́rẹ́, ó wo ilẹ̀.

Ọ̀rá rẹ wà nínú àpò agbádá mi. Mo fún ìyá rẹ. Ó gbà á, ó nà án sórí maṣíìnì, ó tẹ́ etí rẹ̀ dáadáa. Ó ti wá epo maṣíìnì sílẹ̀, n kò mọ ìgbà tó wá a. Ohun àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti Oṣù Karùn-ún ni pé kí n wo abẹ́ àtẹ̀gùn. Àgbá ọ̀dà tó fà padà lọ́jọ́ yẹn wà níbẹ̀. Mo ní ó ti gbẹ. Ó ní kí n wo ìdí rẹ̀.

Mo fi ọ̀bẹ ṣí èèpo orí rẹ̀. Ọ̀dà funfun wà lábẹ́ rẹ̀, tútù, díẹ̀. Mo gbé pátákó mi àtijọ́ kan jáde, mo fi pẹ́ńsùlù wọn ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ: IṢẸ́ TI BẸ̀RẸ̀ NÍBÍ. Mo wo ọ̀rọ̀ náà, mo wo ìdí àgbá, mo mọ̀ pé kò ní kárí. Tẹ́lẹ̀ rí, ǹ bá ti rán ọmọ lọ ra àgbá tuntun. Ìyá rẹ ń wò mí.

Àmì ni mo kọ́kọ́ kùn.

Ibẹ̀ ni ọ̀dà tán sí. Pátákó náà ti wà lókè báyìí, àmì nìkan ló wà lórí rẹ̀, kò sí lẹ́tà kankan. Àwọn tó ń kọjá máa ń dúró, wọ́n ń bi mí pé kí ló wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n dúró de ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ,
Mùktárù